Ajá Wèrè Kò Mọ Ojú Olówó Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ajá sínwín tó, á mọ ojú olówó rẹ̀. Òwe náà dára fún ìbáwí. Bí ọmọ bá ń hùwà àìbọ̀wọ̀ sí òbí tó tọ́ ọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ kan gbàgbé ẹni tó mú un wọ ibi iṣẹ́, àgbà a fi òwe yìí rán an létí pé wèrè pàápàá ní ibi tó yẹ kó mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe yìí kúrò lẹ́nu àgbà, tí a gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹranko, kò dúró. Ajá tí àrùn dìgbòlugi bá mú kò mọ olówó rẹ̀. Ó lè gé ẹni tó fún un lóúnjẹ láàárọ̀ jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Púpọ̀ nínú àwọn ajá tí ń gé ènìyàn jẹ ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ajá àjèjì tó ti inú igbó wá; ajá ilé ni wọ́n, tàbí ajá aládùúgbò, ajá tí ó ní orúkọ, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń pè é tí ó ń ju ìrù.

Orúkọ tí àwọn baba ńlá wa fún àrùn náà ti sọ púpọ̀. Ẹni tó bá fetí sí “dìgbòlugi” dáadáa á gbọ́ igi tí ẹranko náà ń fara lù nínú rẹ̀. Kì í ṣe àrùn tuntun, kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, inú itọ́ ẹranko tó ti mú ló sì máa ń wà. Bí ẹranko náà bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tó lá ojú egbò, kòkòrò náà a wọlé, a gba ojú ọ̀nà iṣan, a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ìrìn náà kì í yá. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì àìsàn tó hàn. Nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan péré ni, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó lè tó ọdún kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń gbàgbé ajá tó gé wọn jẹ kí àìsàn tó dé, tí àwọn ẹbí sì máa ń wá ọ̀tá kiri nígbà tí ó bá dé. Nígbà tí omi bá ti ń ba aláìsàn lẹ́rù, tí ọ̀fun rẹ̀ ń dì bó bá ti rí ife omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹni tó yè é lẹ́yìn tí àmì ti hàn ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní gbogbo àgbáyé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bu iye ènìyàn tí àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún sí nǹkan bí 59,000. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn nínú ìdá 99. Nǹkan bí ìdá 40 nínú àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ẹni tó bá mọ ọmọdé kò ní ṣe kàyéfì. Ọmọdé kúrú, ojú àti ọrùn rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ajá, ibẹ̀ ni kòkòrò náà sì ti ń yára dé ọpọlọ jù. Ọmọdé ló ń fa ìrù ajá, òun ló ń gba egungun lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmọdé ló ń fi egbò pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, wọn yóò kọ́kọ́ na òun kí wọ́n tó béèrè irú ajá tí ó jẹ́.

Àṣìṣe kan tó gbilẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ ajá dìgbòlugi bí àwọn bá rí i: ojú pípọ́n, ìfóòfó lẹ́nu, eré àsápajúdé. Irú èyí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tó jẹ́ jẹ́jẹ́, òun ló sì burú jù fún onílé. Ajá náà kò gbó, kò lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀, itọ́ ń dà, kò lè gbé oúnjẹ mì. Olówó rẹ̀ a ní egungun ló há a lọ́fun, a sì ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti wá egungun náà. Kò sí egungun níbẹ̀. Ọwọ́ tó ní ìhá kékeré lásán tó fún itọ́ náà láti wọlé.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tí ajá bá ti gé wọn jẹ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn kan a gé irun ajá náà, wọn a jó o, wọn a fi eérú rẹ̀ sí ojú egbò. Àwọn kan a fi epo pupa àti ata rá a. Ní ibòmíràn, wọn a pa ajá náà lójú ẹsẹ̀, wọn a yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọn a sè é fún ẹni tó gé jẹ. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ń dá kòkòrò náà dúró, èyí tó kẹ́yìn sì tún ń pa ẹ̀rí run. Bí ajá náà bá wà láàyè, tí a so ó mọ́lẹ̀ sí ibi tí kò ti lè gé ẹlòmíràn, tí a sì ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí kò kú, tí kò sì ṣàìsàn, ó dájú pé kò sí kòkòrò dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ènìyàn jẹ. Ajá tí wọ́n ti sè jẹ kò lè fún dókítà ní èsì kankan.

Ohun tó tọ́ kò sì ṣòro. Omi àti ọṣẹ ni. Kí a fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ọṣẹ dúdú ìyá àgbà pàápàá yóò ṣiṣẹ́, kí a sì mú ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. A kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ mẹ́wàá ajá náà kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ajá náà bá yè, a lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1885 ni ayé ti mọ ọ̀nà yìí, nígbà tí Louis Pasteur mú kí wọ́n gún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi gé jẹ, ní Paris. Ọmọ náà kò kú. Ọmọ tí ó bá kú sí ọwọ́ àrùn yìí lónìí ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkòròdú kú sí ọwọ́ ohun tí ìdènà rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti ènìyàn kò wà káàkiri. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ló ní in lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gún un, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí egbò náà bá sì jinlẹ̀, oògùn mìíràn tó wọ́n jù ú lọ wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gún yí ojú egbò ká. Owó ọkọ̀ nìkan ti tó láti mú kí ìyá kan dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì. Ní òdìkejì, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni ajá nílò, iye rẹ̀ kò sì tó ìdá kékeré nínú èyí tí wọn yóò ná lórí ènìyàn kan tí ajá náà bá gé jẹ. Ibí ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ẹranko ti wọlé.

Ẹni tó bá jókòó sí iyàrá ìdúró ilé ìwòsàn ẹranko ní ìlú wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí ohun kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń wọlé ni wọ́n gbé wọlé. Ọmọ ajá tí kò lè dìde mọ́ wà nínú páálí, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́. Ológbò tó ti ń mí fúkẹ́fúkẹ́ wà nínú àpò. Èyí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó kàn wá gba abẹ́rẹ́ ọdọọdún, kò pọ̀. Nínú èrò ọ̀pọ̀ wa, dókítà ẹranko ni ẹni tí a ń lọ bá nígbà tí àgbo, epo pupa àti àdúrà bá ti kùnà. Nígbà tí ẹranko náà bá sì kú sí i lọ́wọ́, wọn a ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló pa á.

Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ ajá yẹn ní orúkọ. Parvo ni wọ́n ń pè é, kòkòrò rẹ̀ sì lè gbé inú ilẹ̀ àgbàlá fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó kó o wá ti kú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ajá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹta fi máa ń ra òmíràn ní oṣù Kẹrin, tí ìyẹn náà a kú, tí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyàwó bàbá rẹ̀. Ìdènà rẹ̀ kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Láti ìgbà tí ọmọ ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ti dìgbòlugi máa ń wọlé bó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Oògùn aràn náà ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe nítorí ajá nìkan: aràn inú ajá ń ran ọmọ ènìyàn tó ń fi ọwọ́ tẹ erùpẹ̀ tó sì ń fi jẹun.

Ní ti eégbọn, ìtàn ìbànújẹ́ ni. Kì í ṣe pé eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá nìkan, ó ń kó àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà, tí ajá a fi gbẹ, tí ẹnu rẹ̀ a funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ a dúdú bí omi tíì. Dípò kí onílé ra oògùn tí a ṣe fún eégbọn, ọ̀tápíápíá ni yóò pò mọ́ omi tí yóò fi wẹ ajá. Bí ara ajá bá ń yún un, tí irun rẹ̀ ń re, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù ni wọn yóò fi pa á lára. Májèlé ni méjèèjì. Ajá a máa lá ara rẹ̀. Ohun tí a fi pa á lára ni yóò gbé mì. Àwọn tó ń sin ológbò náà kò gbẹ́yìn. Paracetamol tí ènìyàn ń lò fún orí fífọ́ lè pa ológbò, ègé kan péré. Ẹni tó fún un kò mọ̀. Ojú àánú ló fi ṣe é.

Àwọn tó ń ta ajá ní ẹ̀bi tiwọn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l’Ékòó, a máa rí ọkùnrin tó gbé ọmọ ajá méjì dání nínú oòrùn, tó ń sọ fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn káàdì wà tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. Ọjọ́ tí ó wà lórí káàdì lè ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí ajá náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ní ohun mìíràn tí ọjà kò lè pèsè: ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é títí dé ara ẹranko. Èyí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì tí kò níná lè ti di omi lásán. Ìdí kan pàtàkì nìyí tó fi yẹ kí ènìyàn gba ilé ìwòsàn tí dókítà rẹ̀ ní ìwé àṣẹ lọ, kí ó sì béèrè láìtijú pé níbo ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí bí iná bá lọ. Dókítà tó bá ní ìdáhùn kò ní bínú.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ olówó. Ta ló ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ajá nígbà tí àpò gàrí ti di ohun tí a ń fojú wò? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìyá tí kò rí owó iléèwé san kò lè fi ajá ṣáájú ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà sí ibi tó yẹ kó lọ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá kì í ṣe afẹ́ onílé. Ó jọ omi ẹ̀rọ àti gọ́tà: ohun tó jẹ́ pé bí ilé kan bá kọ̀ ọ́, ilé mẹ́wàá ni yóò jìyà rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìjọba ni í ṣe é, ọ̀fẹ́ ló sì yẹ kó jẹ́.

Kò sì kọjá agbára ìjọba. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá àdúgbò kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà rìn mọ́ láàárín wọn. Mẹ́síkò ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nígbà tó sì di 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ikú ènìyàn láti ọ̀dọ̀ ajá dìgbòlugi ti tán nílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Mẹ́síkò jìnnà, kó rántí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin wa ló gbé kúlà kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi gègé kọ àmì sí ìka ọmọ àti sí ara ògiri, títí àjọ náà fi kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé irú àdánidá kòkòrò náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó lè rí ọmọ gbogbo nínú gbogbo ilé lè rí ajá wọn. Ilé ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, láti ọdún 1924, ó sì ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹranko. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, ti Abẹ́òkúta náà ní. Ohun tó kù ni kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi owó sí i nínú ètò ìsúná wọn, kí àwọn aráàlú sì béèrè fún un lọ́wọ́ káńsílọ̀ wọn bí wọ́n ti ń béèrè fún títì.

Àwọn dókítà ẹranko fúnra wọn kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí pátápátá. Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀, pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kàwé, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jápa. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ilé ìwòsàn wọn wà ní àdúgbò àwọn olówó, níbi tí ajá ti ń gbé inú ọgbà tí géètì rẹ̀ máa ń wà ní títì. Ajá tó ń rìn káàkiri, tó ń jẹ ní ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta lóòjọ́, ni àrùn ń wá, òun náà ni kò sì ní dókítà. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí máa lọ bá ajá níbi tó wà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lábẹ́ igi ní ẹnu ọjà, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n kọ sí ara pátákó kí ẹ̀rù má ba olówó ajá láti béèrè. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò dá owó lé òun lórí kì í wọlé rárá.

Ìsọ̀rí ènìyàn kan tún wà tí wọn kì í sábà dárúkọ. Àwọn tó ń pa ajá ni, yálà fún Ògún tàbí fún ìsaasùn. Àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún títà ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ajá tí ẹnikẹ́ni kò rí bí ẹni pé ara wọn kò dá. Ìwà ọ̀mùtí ni kí ènìyàn máa fi ẹnu àbùkù sọ̀rọ̀ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí; àṣà àti oúnjẹ oníkálukú ni. Ohun tó yẹ ni kí a fún alápatà ajá ní abẹ́rẹ́ ìdènà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fún dókítà ẹranko, kí a sì kọ́ ọ láti wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá ń la orí. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ló ń kan itọ́ àti ọpọlọ.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ tí Pasteur kú, àwọn ilé ìwòsàn ẹranko kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn wọn, wọn a gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníròyìn a wá ya fọ́tò. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí wọ́n bá bí ní oṣù Kẹwàá yóò ti pé oṣù mẹ́ta ní oṣù Kìíní. Oṣù mẹ́jọ ni yóò fi máa bá àwọn ọmọ ilé ṣeré, tí yóò máa lá wọn lójú, kí ọjọ́ náà tó tún dé.